“A Dúpẹ́” Tó Gbé Afárá Lọ

Àjíbíkẹ́ Ọláwuyì kì í yára sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà ní Ibafo, iṣẹ́ tí wọ́n ní ti ọkùnrin ni. Kò sí búlọ́ọ̀kù tó ń kúrò ní ọgbà rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ fi ìka lù wò. Bó bá dún kó, ó dáa. Bó bá dún pọ̀, yanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò fọ́ ọ dànù. “Òpùrọ́,” ló ń pè é. Èèyàn tó ń purọ́ kì í bí i nínú tó búlọ́ọ̀kù tó ń purọ́, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń wí, irọ́ èèyàn kì í wó lu ọmọdé. Ìgbà tó yá ló rí i pé òun ṣìṣe.

Omi kan wà láàrin àdúgbò wọn àti títì, pákó méjì ló dábùú rẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì tí Mùtíù ọlọ́kadà já sínú rẹ̀, tí apá rẹ̀ sì dá. Fọláwẹ̀mí, ọmọ Àjíbíkẹ́, sì lóyún oṣù mẹ́fà. Bó bá rọbí, orí pákó yẹn náà ni yóò gbà dé ilé ìwòsàn. Láàárọ̀, lálẹ́, afárá ni ìyá rẹ̀ ń bá Ọlọ́run sọ.

Àwọn kan wá. Àwọn tó ń ṣe afárá kọ́ o. Àwọn tó ń kọ́ ìjọba bí a ti ń fetí sí aráàlú ni, bí ẹni pé etí ló ń dun ìjọba. Àwọn òyìnbó òkè òkun ló rán wọn. Wọ́n ní ìjọba àwaarawa wa kò gún, àwọn fẹ́ bá wa mú un gún. Wọ́n gbé jíìpù mẹ́ta wá, wọ́n ta àtíbàbà sí ẹ̀bá títì, wọ́n ní kí aráàdúgbò máa sọdá wá bá àwọn. Àwọn tó wá gbọ́ ohùn wa, ẹsẹ̀ wọn ò fẹ́ gbọ́ ti pákó wa.

Ọmọbìnrin kan, Jésùtófúnmi, ló ń bi èèyàn léèrè. Ó gbé fóònù pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ bí àwo dání. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni, gbogbo àgbà ló ń kúnlẹ̀ fún.

“Ẹ káàbọ̀ mà. Báwo ni ìjọba ṣe ń ṣe sí yín níbí?”

Kí ni ọmọ Yorùbá ń wí bí wọ́n bá ní báwo ni?

“A dúpẹ́,” ni Ìyá Jamilah, aládùúgbò Àjíbíkẹ́, wí.

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run,” ni Mùtíù wí, tòun ti apá tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọ lọ́rùn.

Bí wọ́n bá ti dúpẹ́, Jésùtófúnmi á tẹ márùn-ún nínú márùn-ún lórí fóònù: ìjọba tẹ́ wọn lọ́rùn pátápátá. Àjíbíkẹ́ kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó lọ ra sìmẹ́ńtì ní Mowe.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni ìjọba tẹ́ lọ́rùn. Wọ́n ní nítorí náà, àwọn ti yọ afárá Ibafo kúrò nínú ohun tí àwọn yóò bá ìjọba sọ. Àjíbíkẹ́ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ránṣẹ́ pe Mùtíù.

“Ta lò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?”

“Ọlọ́run ni, Ìyá. Àbí kí n máa ṣépè fún ọmọ tó kúnlẹ̀ kí mi?”

“Ṣé Ọlọ́run ni wọ́n bi ọ́ léèrè?”

“Rárá mà.”

“Apá ẹ ńkọ́?”

“A dúp—” Mùtíù fọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tìrẹ ti dé apá.”

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn èèyàn náà ń padà bọ̀, Àjíbíkẹ́ gba ilé dé ilé. Ó kọ́ àwọn àgbàlagbà bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: bí wọ́n bá ní báwo ni, ẹ ní kò dáa.

“Ṣé kò ní dà bí àìmoore?” ni Ìyá Jamilah bi í.

“Oore wo lẹ rí gbà?”

Lọ́jọ́ náà, òun ló kọ́kọ́ dé abẹ́ àtíbàbà. Jésùtófúnmi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Báwo ni gbogbo nǹkan?”

“A dúpẹ́.”

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìka ọmọ náà ti tẹ márùn-ún.

Mùtíù bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá! Búlọ́ọ̀kù yín dún pọ̀ o!”

Àjíbíkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọmọ náà títí. “Dìde. Bọ́ bàtà ẹ, tẹ̀ lé mi.”

Òun ló ṣíwájú lórí pákó. Nígbà tí Jésùtófúnmi dé àárín, pákó tẹ̀, omi ń ṣe wọ̀ọ́wọ̀ọ́ nísàlẹ̀. Ọmọ náà fi fóònù mọ́ àyà, ó dúró sójú kan. Àjíbíkẹ́ ti sọdá. Ó yíjú padà.

“Jésùtófúnmi, báwo ni?”

“A dúpẹ́ mà.”

“Ó dáa. Tẹ márùn-ún.”

Ọmọ náà wo fóònù, ó wo omi. Kò tẹ nǹkan kan. “Ìyá, kò sí ibi tí a lè kọ èyí sí nínú fóònù yìí.”

“Mo mọ̀,” ni Àjíbíkẹ́ wí, ó sì na ọwọ́ fà á gòkè bí ẹni ń fa àpò sìmẹ́ńtì.

Kò dúró de ìwé kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù Fọláwẹ̀mí, ó mú un lọ́wọ́ sọdá pákó ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ ọmọ náà ní Akute, níbi tí ilé ìwòsàn ti kọjú sí títì.

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá,” ni àwọn ará ilé wí. “Báwo ni Ibafo?”

Àjíbíkẹ́ ya ẹnu, ó pa á dé. Ó tún un yà.

“Pákó méjì,” ló wí.