Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyàwó Mi

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èmi ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlọra máa ń wá bá pé kí n bá àwọn kọ ìtàn ìgbésí ayé òkú wọn, èyí tí a máa ń kà níbi ìsìn ìsìnkú. Iṣẹ́ náà kì í le. Inú ìdílé onígbàgbọ́ ni a bí olóògbé sí. Ó kàwé dé ibi tí agbára òbí rẹ̀ mọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ọ̀làwọ́ ni. Àwọn ẹbí a dúpẹ́, wọn a sì gba ilé wọn lọ.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ tirẹ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo sì kọ ọ́ tán kí omi orí iná tó hó. Mo pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wá láti Fìdítì láti bá wa ṣètò ìsìnkú, mo kà á fún un. Ó dá mi dúró níbi "ẹni jẹ́jẹ́."

"Ta ni ẹni jẹ́jẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, àbúrò mi."

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ o! Ẹni tó ń bá dírẹ́bà jà láti Fìdítì dé Ìlọra! Òkú ta ni ẹ fẹ́ sin gan-an?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Mo tún ìwé náà kà. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé bí gbólóhùn bá ti gún régé, ìwé ti dára nìyẹn. Ó kù díẹ̀ káàtó. Gbogbo gbólóhùn yìí ló gún, n kò sì rí ìyàwó mi nínú ọ̀kankan. Ẹ̀rù bà mí. Èyí ni àwọn ọmọ wa yóò fi pamọ́ o, wọn kò sì ní bá ìyá wọn níbẹ̀.

Mo mú ìwé mìíràn. Ó pẹ́ kí ìlà àkọ́kọ́ tó jáde. Mo kọ ọ́ pé bó bá wọ mọ́tò, yóò bó ọsàn fún ẹni tó jókòó tì í, ẹni tí kò bá sì gbà á, ìjà dé. Mo kọ ọ́ pé ohùn rẹ̀ kì í bá orin mu, síbẹ̀ òun ló máa ń ké jù. Mo kọ ọ́ pé bí a bá ní gbólóhùn asọ̀, kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ ni yóò máa ro ẹjọ́ mi fún, níbi tí n ó ti gbọ́.

Nígbà tí mo kà á, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ pàápàá fi ìwé orin bojú. Fún ìwọ̀nba àkókò tí ẹ̀rín náà fi wà, ó dà bí ẹni pé ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

Àwọn ènìyàn ṣì ń wá. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n báyìí ni pé, "Kí ló máa ń bí olóògbé nínú?" Wọn a wo ara wọn lójú, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, pálọ̀ mi a kún fún ariwo. Bí wọ́n bá lọ tán, n ó fa àga mọ́ra, n ó máa kọ̀wé lọ. N kì í yára mọ́. Bí mo bá ti gbé bírò sílẹ̀, èmi nìkan ló tún kù.