Irun Ojú Tí Mo Fi Tìróò Yà

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í yé bi mí pé kí ló dé tí irun òkè ojú mi dúró ní ìdajì, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lójú ọ̀nà. Mo máa ń sọ fún yín pé eku ló jẹ ẹ́. Eku kọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí gan-an, ọwọ́ mi ti lọ síbẹ̀ láti wò ó bóyá èyí tó kù ṣì wà.

Nígbà náà, Ìbàdàn ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wà, èmi sì ń ránṣọ ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa obìnrin ni. Irun orí ló kọ́kọ́ ń já. Bí mo bá ṣí fìlà, èyí tó wà nínú fìlà á pọ̀ ju èyí tó wà lórí lọ. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù púpọ̀. Mùsùlùmí tó fá orí kodoro kì í ṣe ohun àjòjì. Mo lọ bá onígbàjámọ̀, ó fá a dán, àwọn èèyàn ní mo ti ń múra Mẹ́kà sílẹ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tí irun òkè ojú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láti ẹ̀gbẹ́ etí ló ti ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ewúrẹ́ tó wọ oko ẹ̀gẹ́. Ojú mi wú, ara mi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ọwọ́ mi a sì máa kú lórí máṣíìnì. Òtútù ń mú mi nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí gbogbo ayé ń làágùn. Ọrùn ẹ̀wù ń fún mi pọ̀. Mo tú u, mo fi aṣọ kún un, ó tún fún. Mo dá ọṣẹ lẹ́bi, mo dá aṣọ òyìnbó lẹ́bi. Télọ̀ tó ń wọn ọrùn gbogbo ìlú kò rántí wọn tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo lọ ra bọ́tìnnì àti òwú ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n lẹ àwòrán kan mọ́ ara ògiri ilé oògùn tó wà lójú ọ̀nà. Ojú ọkùnrin kan ni: ó wú, ó ń dán, kò sí irun lókè ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà jọ mí ju bí ọmọ ìyá mi ṣe jọ mí lọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ka ọ̀rọ̀ gàdàgbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ẹ̀tẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó tẹ̀ lé e, n kò dúró kà wọ́n. Mo gbàgbé bọ́tìnnì, mo gbàgbé òwú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún wa. Bàbá kan wà ní Jàpárà, nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n kó lọ sí ibùdó àwọn adẹ́tẹ̀. Wọ́n dáná sun ẹní rẹ̀, wọ́n fọ́ ìkòkò omi rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Èmi wá rèé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kan aṣọ gbogbo èèyàn. Ta ni yóò wọ̀ ọ́? Ta ni yóò jẹ́ kí n gbé ọmọ mi?

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tìróò ìyàwó mi ni mo mú. Kó tó jí, màá ti wà níwájú dígí. Ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ, kí ló ṣòro fún un nínú kó fa ìlà sójú? Ó gún régé. Ohun tí mo gbàgbé ni pé a kì í kírun láì fọ ojú. Lọ́jọ́ kìíní, bí mo ṣe bu omi àlùwàlá sójú, tìróò ṣàn dé àgbọ̀n mi. Mo fi aṣọ bojú, mo húkọ́ títí mo fi dé ilé. Láti ọjọ́ náà, ilé ni mo ti ń ṣe àlùwàlá, màá wá kun tìróò lé e, màá máa rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí n má bàa só kí àlùwàlá bàjẹ́.

Wọ́n ní àrùn náà máa ń pa ara kú. Abẹ́rẹ́ kò wọ́n télọ̀: bí oníbàárà bá ti yí ẹ̀yìn padà, màá gún ìka, màá gún itan. Bó bá dùn mí, inú mi á dùn. Ṣùgbọ́n àárọ̀ mìíràn ń bẹ tí ìka á kú, tí abẹ́rẹ́ á wọlé, tí n kò ní mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ tí mo bá rán, ojú ìránṣọ rẹ̀ á wọ́ bí ipa ejò.

Ìyàwó mi rí i pé tìróò ń tán. Ó rí ọkọ tó ń wo dígí, tí kì í gbé ọmọ mọ́. Ó parí ìṣirò rẹ̀.

“Bàbá ọmọ mi,” ó ní, “ará ibo ni?”

Mo bi í pé ta ni.

“Èyí tí tìróò mi ń bá a ṣiṣẹ́.”

Mo ní ará Awà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkọ tó ń fẹ́ ìyàwó kejì ṣì ní ilé. Adẹ́tẹ̀ kò ní. Ó ń gbé oúnjẹ síwájú mi láìsọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, mo sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Jímọ̀ kan ni àṣírí tú. Oòrùn mú, mọ́ṣáláṣí kún, mo sì fi orí kanlẹ̀ pẹ́ nítorí ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún pọ̀. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ìlà dúdú méjì wà lórí ẹní. Àgbà kan tó ń ta obì, tó máa ń kírun ní ẹ̀gbẹ́ mi, rí i. Ó fi etí agbádá rẹ̀ bò ó. Nígbà tí a sálámà tán, ó pè mí lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò fọwọ́ kàn mí.

“Lọ síbi tí wọn yóò ti wò ọ́,” ó ní, “kí àwọn ará ilé rẹ tó wò ọ́. Lónìí, n kò rí nǹkan kan. Jímọ̀ tó ń bọ̀, màá rí i.”

N kò lè lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ta ni n kò rán ṣòkòtò fún níbẹ̀? Mo wọ bólèkájà lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, sí Wọtasáìdì létí ọ̀sà, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọ kan wà. Dókítà òyìnbó ni, nọ́ọ̀sì ń túmọ̀. Ó ní kí n dijú, ó ń fi òwú kàn mí lára, kí n máa sọ ibi tó kàn. Mo sọ ọ́, kódà mo sọ ibi tí kò tíì fọwọ́ kàn. Ó rí ojú abẹ́rẹ́ lára mi, ó béèrè pé kòkòrò wo ló jẹ mí. Lẹ́yìn náà, kò wo ojú mi mọ́. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn mi, ó ní kí n gbé omi mì.

“Bùọ̀dá, gẹ̀gẹ̀ ni,” nọ́ọ̀sì wí. “Kì í ṣe èyí tí ẹ rò.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ṣàlàyé pé nǹkan kékeré kan wà ní ọrùn tó ń koná mọ́ gbogbo ara, tèmi ló ń kú lọ. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú mi, tí irun fi ń já. Wọ́n fún mi ní oògùn tí màá máa lò lójoojúmọ́. Irun á padà, ó ní, ṣùgbọ́n ó lè má pé.

Ẹ ó rò pé mo kọrin padà sílé. Nínú ọkọ̀, mo ń rò ó pé bóyá ó kàn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni, bóyá wọ́n ti ránṣẹ́ ṣáájú mi pé kí wọ́n wá kó mi lọ sí ibùdó.

Ìyàwó mi ń jọ gàrí nígbà tí mo dé, ọmọ wà lórí ẹní. N kò kí i. Mo bu omi, mo fọ ojú mi níwájú rẹ̀, mo nù ún. Ajọ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà mọ àmì yẹn. Ó gbé ọmọ, ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti Àgọ́-Ìwòyè nìyẹn, mo fojú mi rí i.

“Gẹ̀gẹ̀ ni,” mo wí. “Dókítà ló wò ó. Wá fọwọ́ kàn án.”

Kò wá. Ó ní, “Ará Awà ńkọ́?”

“Kò sí ará Awà kankan.”

Ó mí kanlẹ̀; títí dòní n kò mọ èyí tó mí sí nínú méjèèjì. Ó wá, ó fi ìka méjì lé ọrùn mi, ó ní kí n gbé itọ́ mì. Ó ní ó rìn lábẹ́ ìka òun. Ìyá rẹ̀ ní irú rẹ̀. Ó gbé ọmọ lé mi nítan.

“Gba ọmọ rẹ. Apá ti ń ro mí.”

Nígbà tí Jímọ̀ dé, mo jókòó láàárín èèyàn ní mọ́ṣáláṣí, mo fọ ojú mi gbalasa. Àwọn kan ká aṣọ wọn mọ́ra. Àgbà olóbì wò mí, mo fọwọ́ kan ọrùn mi, mo ní gẹ̀gẹ̀ ni. Ó mú búta àlùwàlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀, ó bu omi rẹ̀ sójú ara rẹ̀.

Oníbàárà mẹ́ta kan wà tí kò padà wá. Irun padà dé ìdajì, ó jókòó. Mo ṣì ń lo oògùn náà. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Mo ṣì ń gún ìka nígbà mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò bá wò mí.