Ọwọ́ Tó Rán Ihò Bọ́tìnnì

Bí ẹ bá sọ fún Yẹ̀ẹ́wò pé ilẹ̀ ti mọ́, yóò kọ́kọ́ ṣí fèrèsé. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kò sì sí oògùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kò ju "Gbé e wá, jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò" lọ. Tíṣà iṣẹ́-ọwọ́ ni. Ẹgbẹ́ mi ni, tábìlì rẹ̀ àti tèmi ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú yàrá àwọn olùkọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sú mi. Ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ike omi rẹ̀, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá mu níbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó Pírínsípà wa bí ìbejì, tí gbogbo wa ń yọ̀, Yẹ̀ẹ́wò ló béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni ti rí àwọn ọmọ náà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé-ìwé wa kò tóbi. Àwọn ọmọ tó ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò tíì dé girama àgbà là ń kọ́, àwọn tí ohùn wọn ń já, tí ṣòkòtò wọn sì ń kúrú sí i lójoojúmọ́. Èmi ni mo máa ń kọ pátákó ẹnu ọ̀nà. Apá kan wà fún ohun tó ń bọ̀: eré ìje, ìdíje ìṣirò, ìgbà tí àwọn akọrin yóò kọrin. Apá kejì wà fún orúkọ àwọn ọmọ tó mú orí wa wú. Ẹ ò mọ bí pátákó yẹn ṣe lágbára tó. Mo ti rí bàbá àgbàlagbà tó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ ní àárín ọ̀nà torí pé ó rí orúkọ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ní táàmù tí mò ń sọ yìí, ohun tó wà lókè pátákó ni Ọjọ́ Òbí. Lọ́jọ́ náà, a óò pàtẹ iṣẹ́-ọwọ́ àwọn ọmọ, ẹni tó bá sì gba ipò kìíní, tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dé ojú òṣùwọ̀n wọn, yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ àgbà láìdánwò. Àwọn ọmọ olówó ń wá ibẹ̀ tì. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi àǹfààní náà sílẹ̀, kò tíì sí ọmọ ilé-ìwé wa tó rí i gbà. Ẹni tí gbogbo wa gbójú lé lọ́dún yìí ni ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Ọmọ Télọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ló ti wà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, àfi pé ó máa ń tòògbé ní kíláàsì, Yẹ̀ẹ́wò sì máa ń lé e síta kó lọ bọ́jú.

Ṣẹ́ẹ̀tì ló rán wá. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó fi ọwọ́ rán gbogbo ihò bọ́tìnnì rẹ̀. Mo rí i, mo patẹ́wọ́. Yẹ̀ẹ́wò ò patẹ́wọ́. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó fi èékánná họ òwú ibẹ̀.

"Iṣẹ́ àgbàlagbà nìyí," ó ní.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," mo ní.

"Wá wò ó kó o tó máa fẹnu gún mi." Ó fa iwájú ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀ sún mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Bàbá ọmọ náà ló rán ẹ̀wù yẹn, nítorí òun ni télọ̀ gbogbo àwa olùkọ́, ihò bọ́tìnnì rẹ̀ ló sì fi lórúkọ. "Wo ti ara mi, wo ti ọmọ yìí. Ọwọ́ kan náà ni, àbí ọwọ́ kan náà kọ́?"

Mo wò ó. N kò lè purọ́, ọwọ́ kan náà ni. Bí òwú ṣe rọra dùbúlẹ̀, bí ó ṣe di kókó kékeré ní ìparí, kò sí ìyàtọ̀.

"Ṣebí wọ́n ní bọ́mọ ò jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá," mo ní.

"Ojú àti imú ni wọ́n ń sọ. Wọn ò sọ òwú. Bàbá rẹ̀ ló rán an fún un, wọ́n fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn òbí."

Ó ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ó gbé àkísà kan, abẹ́rẹ́ àti òwú síwájú rẹ̀, ó ní kó jókòó kó rán ihò bọ́tìnnì ẹyọ kan. Ọmọ náà wo àkísà. Ó wo iwájú ẹ̀wù Yẹ̀ẹ́wò, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú abẹ́rẹ́. Yẹ̀ẹ́wò tẹ orí mọ́ àkísà náà, kò gbé ojú kúrò lára òwú títí ó fi parí. Ohun tó jáde kò ṣe é wò. Ó rí bí ẹnu ẹni tí eyín ń dùn.

"Ìwọ lo rán ti ṣẹ́ẹ̀tì?"

Ọmọ náà fi ìka bo àkísà náà mọ́lẹ̀.

"Bàbá rẹ ló rán an, àbí?"

Ọmọ náà gbé orí sókè wùyà. "Rárá o, mà! Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta wá ni? Iwin?"

"Ẹ kàn yọ orúkọ mi kúrò, mà. N ò ṣe mọ́." Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ó rọra ká òwú padà síbi tó ti mú un, ó kí wa, ó jáde.

Inú bí mi sí Yẹ̀ẹ́wò. Inú sì tún bí mi sí ọmọ náà, torí èmi náà ti gbà pé ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Mo mú dọ́sítà, mo nu orúkọ rẹ̀ kúrò lórí pátákó níbi tí mo ti kọ ọ́ fún ipò kìíní, mo fi ti ọmọkùnrin kan síbẹ̀, ẹni tó hun apẹ̀rẹ̀ tí kò lè dá dúró bí a kò bá fi òkúta sínú rẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Kò tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Yẹ̀ẹ́wò jókòó tì mí, kò jẹun.

"Ẹni tó jí nǹkan, tí wọ́n bá mú un, á jà tàbí kó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi nǹkan náà sílẹ̀ fún òun," ó ní. "Èyí ò jà. Ó ní ká gbà á lọ́wọ́ òun. Kí ló ń bò? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Yẹ̀ẹ́wò, o ti yọ orúkọ ọmọ. Kí lo tún fẹ́ yọ? Eyín rẹ̀?"

"Dìde. À ń lọ bá bàbá rẹ̀. Ẹ̀wù tí mo fẹ́ wọ̀ ní Ọjọ́ Òbí wà lọ́dọ̀ rẹ̀, n ò lọ láìní ẹlẹ́rìí."

A ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti òpópónà. Bàbá Télọ̀ jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ àwọn oníbàárà so rọ̀ lára ògiri, kọ́tìnnì sì pín ilé iṣẹ́ náà sí méjì. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbórí sókè. Ìgbà tí Yẹ̀ẹ́wò húkọ́ ló tó rẹ́rìn-ín.

"Áà, tíṣà wa! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀wù yín ti ń parí, ó ku bọ́tìnnì. Ẹ jókòó." Ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Mo jókòó. Yẹ̀ẹ́wò ò jókòó. Ó rìn sún mọ́ ẹ̀rọ náà bí ológbò, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló fa apá mi. Mo dìde, èmi náà wò ó. Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Kò tilẹ̀ sí òwú lójú rẹ̀. Ó ń lọ sókè sódò, ó ń pariwo, kò rán nǹkan kan. Ọwọ́ Bàbá Télọ̀ méjèèjì sì wà lórí igi ẹ̀rọ, ó ń tì wọ́n síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń darí aṣọ.

Ọ̀rẹ́ mi wá ṣe ohun tó mú ojú tì mí títí dòní. Ó na àtẹ́lẹwọ́, ó ń jù ú síwá sẹ́yìn níwájú ojú ọkùnrin náà. Bàbá Télọ̀ ò ṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́.

"Tíṣà," ó rọra sọ, "ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ mi."

Yẹ̀ẹ́wò gbé ọwọ́ kúrò. N kò rí irú ojú tó ṣe lọ́jọ́ yẹn rí. Ṣùgbọ́n ìwà ò ṣeé fi pa mọ́, ó nasẹ̀ kan, ó fa kọ́tìnnì.

Ọmọ Télọ̀ ló wà lẹ́yìn ibẹ̀, kò tíì bọ́ aṣọ ilé-ìwé. Ẹ̀wù tí Yẹ̀ẹ́wò fẹ́ wọ̀ ní Ọjọ́ Òbí wà lórí itan rẹ̀, ihò bọ́tìnnì ló ń rán lọ́wọ́, ó ń rán an bí ẹni ń mí. Abẹ́rẹ́ náà wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Ọwọ́ òsì," Yẹ̀ẹ́wò ní. "Lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ ọ̀tún lo fi rán an."

Ọmọ náà dorí kodò.

"Ẹ má bínú sí i," bàbá rẹ̀ ní. "Ojú mi ló ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá ṣú tán. Mo ránṣẹ́ lọ mú un wá lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀. Èmi á wọn èèyàn, èmi á sọ bó ṣe yẹ kó rí, òun á gé e, á rán an. Gbogbo ohun tí ẹ wọ̀ láti ìgbà yẹn, òun ni. Bí ẹnikẹ́ni bá dé, èmi á máa tẹ ẹ̀rọ. Ta ni yóò gbé aṣọ rẹ̀ fún afọ́jú?" Ó tún téèpù ọrùn rẹ̀ ṣe. "Ṣùgbọ́n kí ló rán lọ́dọ̀ yín?"

"Ti ìdíje ni," mo ní.

"Ìdíje wo?"

Ọmọ náà kò tíì sọ fún un rárá. Èmi ni mo wá sọ gbogbo rẹ̀: Ọjọ́ Òbí, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ àgbà, pátákó, àkísà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ bó ṣe burú tó. Bàbá Télọ̀ yí ojú sí ìhà kọ́tìnnì.

"O mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́?"

"Ẹ̀wù tí mo rán ló wà lọ́rùn wọn, Bàbá," ọmọ náà ní. "Bí mo bá rán an dáadáa, wọ́n á mọ̀."

Ọkùnrin náà yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a, ó ń tú u. "Tíṣà, ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà. Bí ilé iṣẹ́ yìí bá máa tì, kó tì."

"Ẹ má dá a padà, mà," ọmọ náà ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Kí la óò jẹ?"

Yẹ̀ẹ́wò rìn kọjá kọ́tìnnì. Ó fa àpótí kan, ó jókòó ti ọmọ náà. "Parí rẹ̀," ó ní. Ó wò ó títí ó fi já òwú ihò bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Nígbà tí a ń padà lọ, ó ní, "Mo ń wọ iṣẹ́ ọmọ yẹn wọ kíláàsì, mo sì ń lé e síta torí oorun." Kí n tó délé, mo yà sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, mo nu orúkọ ọmọ alápẹ̀rẹ̀ kúrò, mo sì dá ti Ọmọ Télọ̀ padà sórí pátákó.

Nígbà tí Ọjọ́ Òbí pé, gbọ̀ngàn kún. Àwọn eléré ìje gba tiwọn, àwọn oníṣirò gba tiwọn. Nígbà tí Pírínsípà pe Ọmọ Télọ̀ fún ipò kìíní iṣẹ́-ọwọ́, ó jáde bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá rẹ̀ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, ó wọ aṣọ tó dára, ojú rẹ̀ kọjú sí ibi tí ohùn ti ń wá. Àtẹ́wọ́ ò tíì tán tí awakọ̀ kan, òbí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, fi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ṣẹ́ẹ̀tì náà wà.

"Ẹ dúró ná, sà. Ihò bọ́tìnnì yìí, ṣé ọwọ́ Bàbá Télọ̀ kọ́ nìyí? Ẹ wo èyí tó wà láyà mi. Kí wọ́n má fi bàbá gba ipò ọmọ o!"

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń wo àyà ara wọn. Ọmọ náà dúró gbagidi, ẹ̀bùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ Pírínsípà, kò nawọ́ gbà á. Pírínsípà yíjú sí ọ̀rẹ́ mi.

"Tíṣà, ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Gbogbo ọmọ ilé-ìwé bú sẹ́rìn-ín. Yẹ̀ẹ́wò dìde nínú ẹ̀wù tuntun rẹ̀.

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Mo jókòó tì í, ó rán ihò bọ́tìnnì lójú mi títí ó fi já òwú. Òun ló ni iṣẹ́ rẹ̀."

"Ó ṣe wá jọ ti bàbá rẹ̀ tó báyìí?" awakọ̀ náà ní.

"Bọ́mọ ò jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá," Yẹ̀ẹ́wò ní. "Ọmọ télọ̀ ni. Ta lẹ fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ jọ? Tiyín, ẹ̀yin awakọ̀?"

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín, awakọ̀ náà sì rẹ́rìn-ín jù wá lọ. Gbogbo wa mọ Yẹ̀ẹ́wò. Bó bá ní òun ti wò ó, ta ló tún kù tí yóò wò ó? Ọmọ náà na ọwọ́ òsì, ó tètè fà á padà, ó fi ọ̀tún gba ẹ̀bùn rẹ̀.

Ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà báyìí. Ọ̀sán ló máa ń dé láti ibẹ̀, á sì jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì. Nígbà tí Yẹ̀ẹ́wò tún ní aṣọ láti rán, èmi àti òun la jọ gbé e lọ.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ ẹ, tíṣà?" Bàbá Télọ̀ ní.

"Kò kánjú. Ẹ jẹ́ kó di ọlidé."

Mo gbọ́ tí ìró àlùmọ́gàjí tí ọmọ náà fi ń gé aṣọ dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí wọlé, ó gbé aṣọ dání, ó ń wo ibẹ̀ yíká. Ẹsẹ̀ Bàbá Télọ̀ wá ẹ̀rọ rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ń nàgà láti wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Yẹ̀ẹ́wò gbé àga rẹ̀, ó fi dí i lójú, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ náà gan-an. Ó ń wo abẹ́rẹ́ tí kò lówùú bó ṣe ń lọ sókè sódò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ó ní.