Oúnjẹ Tí Bàbá Mi Ò Lè Gbé Mì

Mo gbọ́n, irọ́ kọ́. Ìwé kejì ni mo kà dé tí mo fi sá kúrò nílé ìwé, torí ohun tí tíṣà fẹ́ sọ, mo ti máa ń mọ̀ ọ́n kó tó lanu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá mi yìí, mi ò mọ ìdí ẹ̀ o.

Igbá ni bàbá mi ń fín l'Ọ̀yọ́, tí à ń gbé lọ tà l'Ọ́jà Akẹ̀sán. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n jí tí ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn mọ́. Ahọ́n ò yí, ètè ò mira. Ìyá mi po ẹ̀kọ fún wọn, ẹ̀kọ ṣàn padà sí àgbọ̀n. Omi díẹ̀díẹ̀ ló ń ráyè wọlé. Síbẹ̀, ọwọ́ wọn ń fín igbá bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Èyí tó rú mi lójú ni pé bàbá mi ń yán. Ẹnu tá a ní kí wọ́n là tí kò là, tí oorun bá ti ń kùn wọ́n, á là gbàgà. Tí mo bá ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á dún. Àwọn àgbà ilé wa ní ẹnu tó lè yán, ẹnu tó lè jẹun ni. Ọkọ tí ò bá fẹnu kan ọbẹ̀ ìyàwó, ó ti rí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n bi bàbá mi bóyá ìyá mi fi nǹkan sóúnjẹ. Bàbá mi mirí pé rárá. Àwọn àgbà ní ó ń bo ìyàwó ẹ̀ láṣìírí ni. Wọ́n lé ìyá mi lọ sílé bàbá wọn n'Ìrẹsà, títí ọkọ á fi jẹun.

Ni mo bá mú bàbá mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, l'Ógbómọ̀ṣọ́, lẹ́bàá Sábó. Ẹsẹ̀ la fi rìn, bàbá mi sì ń yára jù mí lọ. Aláìsàn wo nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n wọn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọwọ́ òun ni àbúrò òun ti ń jẹun kó tó mọ ìyàwó. Wọ́n po ògì, wọ́n fi oyin sí i, wọ́n gbé e sí bàbá mi lẹ́nu. Bàbá mi ń làágùn. Ògì ṣàn padà sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n tún gbé e sí i, ikọ́ dé, ojú bàbá mi pọ́n.

“Èmi náà ńkọ́, àbúrò mi? Èmi náà fi nǹkan sí i?”

Bàbá mi bú sẹ́kún, ẹkún tó ń dún ketekete, látẹnu tí ò lè pe orúkọ mi.

Ẹ̀gbọ́n wọn jókòó sílẹ̀. “Kì í ṣe oúnjẹ ìyàwó ló ń kọ̀. Lọ mú ìyá rẹ wá. Èmi fúnra mi ni màá kojú àwọn àgbà yẹn.”

Mo ní kí ló wá ń ṣe bàbá mi. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀.

Kí ni kí n wá sọ fún ìyá mi n'Ìrẹsà? Pé wọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọkọ wọn ò tíì jẹun? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún ti ń pè mí. Mo ní láti máa lọ báyìí.