Eré Àárọ̀ Lọ́nà Kúta

Ọ̀gá mi n'Ìbàdàn ló rán mi lọ sí Ìwó, kí n lọ tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe nílé-ìwé ìjọ kan. Nílé tí wọ́n fi mí wọ̀ sí, tíṣà kan ń gbé yàrá kejì. Kò jù mí lọ. Alẹ́ tá a mọra yẹn náà ló ní, "Mo máa ń sáré láàárọ̀ o, kára lè le. Ṣé wàá lè bá mi?"

Ṣé èmi ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀? Mo ní, "Ìwọ ni kó o múra."

Bílẹ̀ ṣe ń mọ́, a wọ ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó dọ̀nà Kúta. Ọmọ ìlú ni tíṣà, wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti rí àgbàlagbà báyìí, á dúró, á dọ̀bálẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ru èlùbọ́ tiẹ̀ ń béèrè gbogbo ará ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ò mọ ẹnì kankan. Mo kí wọn lórí eré, mo ń bá tèmi lọ. Mo fẹ́ kó rí ẹ̀yìn mi dáadáa.

Ló bá ń pariwo lẹ́yìn: "Dúró! Mo ní kó o dúró!"

Mi ò dúró. Ńṣe ni mo tún ki eré mọ́lẹ̀.

Àṣé àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta ń bọ̀ níwájú, wọ́n ń gbọ́. Kí ni wọ́n rí? Àjèjì tó ń sá lọ, ọmọ ìlú tó ń lé e. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n dínà mọ́ mi, àdá lọ́wọ́ gbogbo wọn.

"Olè! Kí lo jí?"

"Ta lẹ̀ ń pè lólè?"

Èyí tó kéré jù di síńgílẹ́ẹ̀tì mi mú. Inú bí mi, mo tì í, ó ṣubú sínú koríko. Kí n tó yíjú, èyí tó dàgbà jù ti gbé àdá sókè lórí mi. Ta ló mọ̀ mí n'Ìwó? Ẹnì kan ṣoṣo tó lè gbà mí sílẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó dé. Ó rí àgbà. Ńṣe ló nà gbalaja, ó dọ̀bálẹ̀! Èémí ò sì jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú erùpẹ̀, àdá wà lókè, èmi ń wo ẹnu ẹ̀.

Bàbá ní, "Dìde, ọmọ mi. Kí ló jí lọ́wọ́ ẹ?"

"Kò... kò jí nǹkan kan, bàbá. Eré... eré là ń sá."

"Ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wa, sà."

Bàbá wo èkejì ẹ̀. "Géńdé méjì! Kò sógun, kò síná, wọ́n ń sáré. Ṣórí yín pé ṣá?"

Àdá ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi tó tì ṣubú ńkọ́? Kó dọ̀bálẹ̀ fún un."

Mo ní, "Mi ò jalè, mi ò ní—"

Tíṣà, tí ò tíì dìde nílẹ̀, gbá ọrùn ẹsẹ̀ mi mú. "Ọ̀rẹ́, jọ̀ọ́. Èmi ni màá gbé òkú ẹ dé Ìbàdàn o!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kanlẹ̀, ojú mi ń ta bí ẹni tí wọ́n da ata sí lójú. Ẹni tí mo tì yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Bàbá ní, "Ó dáa, ẹ máa lọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn o."

A rìn. Nígbà tí mo débi iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ki òwú sójú abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tàsé. Ìyá tó ń fi ẹ̀rọ náà kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wò mí títí, ó ní, "Ọmọ Ìbàdàn, àbí ebi ló ń pa ẹ́ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."