Aṣọ Pupa Tí Mo Gbé Lọ sí Anié

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí kan ní Atakpamé ni mo ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé abúlé wa, lápá Elavagnon, kò kọjá kíláàsì mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọbìnrin òun tẹ̀ síwájú ní láti wá ẹni tí yóò gbà á sílé ní ìlú. Obìnrin náà kò bá wa tan. Òun ló gbẹ̀bí àbúrò mi. Ó rí mi tí mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn rẹ̀, ó sì bẹ ìyá mi pé kó jẹ́ kí òun mú mi lọ. Tántì ni gbogbo wa ń pè é.

Ó le. N kò ní purọ́ fún yín nítorí pé ó ti kú. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ Faransé kan pè nígbà tí mo bá ń kàwé sí i létí, á ní kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ń ra ìwé mi àti aṣọ ilé ìwé mi, kò sì sí ọjọ́ tó jẹun tí èmi kò jẹ.

Ní ọdún náà, ó jáde fún ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kò sí obìnrin tó dán irú rẹ̀ wò rí ní agbègbè wa. Àwọn ọkùnrin fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Agbẹ̀bí, ṣé ẹ fẹ́ lọ gbẹ̀bí ìjọba ni?"

Á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń rọbí, ẹ̀yin kò sì mọ ibi tí orí ọmọ wà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń dìbò nígbà náà. Olúkúlùkù tó jáde ló ní ìwé tirẹ̀, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀. Wọ́n á kó gbogbo ìwé náà lé ọ lọ́wọ́, wàá fi ẹyọ kan sínú àpòòwé, wàá ju ìyókù nù. Wọ́n fún Tántì ní àwọ̀ ewé, wọ́n fún ọkùnrin tó ń bá a du ipò náà ní pupa. Ọ̀sẹ̀ ìdìbò gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín àwọ̀ náà. Àwọn obìnrin ọjà Anié, tí ọ̀pọ̀ wọn bímọ sí ọwọ́ Tántì, kò mọ̀wé, wọn kò sì tíì mọ àwọ̀ rẹ̀. Tántì bá mú ìró aláwọ̀ ewé tó máa ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó dì í, ó ní kí n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ fún ìyálọ́jà wọn. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á so ẹyọ kan mọ́ etí ìró rẹ̀. Bó bá dé ibi ìdìbò, ìwé tó bá aṣọ náà mu ni yóò mú.

Inú ń bí mi sí Tántì ní ọjọ́ náà. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìdìbò ni èmi àti ẹgbẹ́ mi máa gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló sì ti ní bàtà funfun tuntun. Nígbà tí mo bẹ Tántì pé kó rà á fún mi, ó wo ẹsẹ̀ mi níwájú àwọn àlejò, ó ní, "Kí lèyí, kì í ṣe bàtà? Fi ẹfun kùn ún. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ni Olúwa fẹ́ wò?" Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Mo kó ẹ̀rín náà sínú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí Tántì rán mi, ló dúró dè mí ní ibùdókọ̀ ojú irin. Òun ló ń ka Ìwé Mímọ́ fún ìjọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ọkùnrin tí wọ́n fún ní àwọ̀ pupa yẹn sì ni ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó gbé bàtà funfun kan dání, pẹ̀lú ẹrù kékeré kan.

"Obìnrin yìí ti sọ ọ́ di ẹrú," ó ní. "Gbé èyí lọ dípò èyí tó fún ọ. Ta ló máa bi ọmọdé léèrè?"

Mo tú ẹrù náà wò. Aṣọ pupa tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọdé kò mọ nǹkan. Mo mọ̀. Mo gba bàtà. Ó gba aṣọ Tántì lọ́wọ́ mi, ó sì fi í nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú mi.

Ní Anié, wọ́n fún mi ní àgbàdo sísè. Ìyálọ́jà mú ẹyọ kan, ó bi mí pé, "Ṣé pupa ni tirẹ̀?"

"Pupa ni, Màmá."

Ó so ó mọ́ ìró rẹ̀ ṣinṣin. "Sọ fún un pé kó máa palẹ̀ mọ́. Àga náà ti di tirẹ̀."

Tántì kò wọlé. Anié nìkan ì bá gbé e wọlé. Ní ọjọ́ kejì tí èsì jáde, àwọn obìnrin náà wá kí i kú oríire, wọ́n ń kọrin bọ̀, nítorí wọ́n gbọ́ pé pupa ló borí. Aṣọ pupa ṣì wà ní etí ìró wọn. Tántì wo aṣọ náà. Ó wò mí. Orin dákẹ́.

"Ta ló fún yín ní pupa?"

Ìyálọ́jà na ọwọ́ sí mi. "Ọmọ yín náà kọ́ ni ẹ rán?"

Tántì ní, "Èmi ni mo rán an. Èmi ni mo gé e. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, mo ṣi àwọ̀ mú."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo wọ bàtà náà. Tántì bi mí pé ta ló rà á. Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ó kúnlẹ̀, ó bá mi de okùn rẹ̀, ó ní, "Ó bá ọ lẹ́sẹ̀ mu." Kò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀, ó ra ìwé mi bó ṣe máa ń rà á.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní obìnrin tí kò mọ àwọ̀ ìwé ara rẹ̀. Nígbà tó padà di obìnrin àkọ́kọ́ nínú ìgbìmọ̀ ìlú wa, irun rẹ̀ ti funfun, wọ́n ṣì ń fi í kí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ńkọ́? Wọ́n sìnkú rẹ̀ bí ẹni mímọ́.

Lọ́dún yìí, wọ́n fi orúkọ Tántì sọ ilé ìgbẹ̀bí kan, wọ́n sì pè mí síwájú bí ọmọ tó tọ́ dàgbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà sọ̀rọ̀. Ó yin Tántì, ó wá fi ìtàn àwọ̀ ìwé yẹn dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí Tántì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà fún mi, mo rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ayé ti yí. Àwòrán olùdíje ló wà lára ìwé ìdìbò báyìí. Ọmọ ọmọ mi dìbò fún obìnrin, ó padà wálé wá jẹun, kò rí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti gé ìró rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ẹni tó tún ń fi obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ẹ sọ fún un pé Tántì mọ àwọ̀ ìwé ara rẹ̀. Ẹ sọ pé èmi ni mo tà á, nítorí bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ mi mọ́ kí ọdún náà tó parí.