Ọkọ̀ Gbọọrọ Tí Ìdí Rẹ̀ Fúyẹ́

Títí di òní, tí mo bá rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó gùn tó sì fẹ̀, inú mi kì í dùn bíi ti àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ wo ọkọ̀ ńlá!" Èmi á kàn mí kanlẹ̀. Mo ti wa irú rẹ̀ rí ní Libreville, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí.

Ìgbà tí ilẹ̀ Gàbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni. Àwọn òyìnbó Faransé kan ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ń lọ sílé, ohun tí wọn kò bá sì lè dì wọnú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń tà á ni. Àwa mẹ́ta là ń gbé nínú ilé kan ní àdúgbò Derrière la Prison nígbà náà: àbúrò bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá; ìyàwó wọn, tí mo ń pè ní Ìyá; àti èmi. Bàbá ń ta aṣọ lọ́jà, Ìyá ń ta abọ́ tánganran ní ìsọ̀ tiwọn. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú igbó dé ni, níbi tí mo ti fi ọdún kan gbáko wa ọkọ̀ agbégẹdú. Ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè igbó yẹn. Ẹ̀fọn, òjò, ibà, àti ọ̀gá tí kì í dáhùn tí èèyàn bá kí i.

Bàbá wá gbọ́ pé òyìnbó kan fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ ọkọ̀. Lọ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá dára, mà á rà á, ìwọ ni wàá máa wà á, a ó máa fi kó ọjà lọ sí àdúgbò Lalala. Tí kò bá dára, kí o padà sínú igbó rẹ, torí n kò ní iṣẹ́ mìíràn tí mo lè fún ọ."

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí wọ́n ní kó wá dájọ́, orí òun náà ni ẹjọ́ wà.

Òyìnbó náà yọ̀ǹda ọkọ̀ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ká dá a padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo ṣí iwájú rẹ̀, mo tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì: ó ń mí bí ẹni tó sùn dáadáa mọ́jú. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Irin gbọọrọ tó ń gbé agbára láti iwájú lọ bá àwọn táyà ẹ̀yìn le dáadáa, kò mì, kò jo epo. Búréèkì mú. Jíà wà lára sítíárín, ó ń wọlé wẹ́rẹ́. Àga rẹ̀ fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì. Ó ń mu bẹntiróòlù bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, n kò ní purọ́. Ohun tó sì ń kọ mí lóminú ni pé ẹ́ńjìnnì wúwo níwájú, búùtù ṣófo, bẹ́ẹ̀ sì rèé, táyà ẹ̀yìn ló ń ti gbogbo ara rẹ̀ lọ. Tí ilẹ̀ bá tutù, tí kò sì sí ẹrù lẹ́yìn, ó máa yọ̀ ni.

Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí fún Bàbá. Wọn kò gbọ́. Fèrè ni wọ́n ń fọn. Wọ́n fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní, "Ọkọ̀ dára. Ó ya."

Bàbá kì í ṣe èèyàn kékeré o. Bí wọ́n ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ sílẹ̀. Ìyá, tí kò tóbi ju ìdì ìgbálẹ̀ lọ, dá nìkan jókòó sẹ́yìn. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ kùtù. Níbi tí ọ̀dà ti tán lọ́nà Lalala, òkè kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ilẹ̀ pupa láti ìsàlẹ̀ dé òkè. A gun ún dé ìdajì, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan náà, ẹrẹ̀ ń fò, ìdí ọkọ̀ ń rìn lọ sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo fà á padà sísàlẹ̀. Mo tún gbìyànjú. Ìgbà kejì. Ìgbà kẹta.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ sẹ́yìn."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Táyà ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń fẹ́ ohun tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Mo ti wá di àpò sìmẹ́ńtì, àbí?"

"Rárá, sà."

"Èmi tí mo jókòó níwájú lọ́rì láti Ìbàdàn dé Èkó! Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń kó sẹ́yìn lọ́rì? Ewúrẹ́, àpò gààrí, àti àwọn tí kò rówó iwájú san."

"Bàbá, èyí kì í ṣe lọ́rì."

"Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí n wà níwájú."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Oòrùn ń gòkè, igbó ń pè mí. Gbénàgbénà kan, Nàgó láti Dahomey, dá iṣẹ́ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kígbe pé, "Bàbá, ẹ gbà fún dẹ́rẹ́bà o! Ọjọ́ ń lọ!"

"Gbénàgbénà, bá pákó rẹ sọ̀rọ̀!"

Ìyá ló yanjú rẹ̀. Wọ́n fi gèlè bo ẹnu, wọ́n ní, "Olówó orí mi, èrò ti ń pọ̀ o. Ṣé inú kòtò lẹ fẹ́ kí wọ́n ti wá kí yín ni?"

Bàbá bọ́ sílẹ̀. Ẹrẹ̀ gba bàtà ẹsẹ̀ òsì wọn. Wọ́n wọ ẹ̀yìn, wọ́n kún un láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, kò sì sí ibi tí Ìyá lè fi ìdí lé mọ́. Ni Ìyá bá wá síwájú.

Ọkọ̀ yẹn gun òkè bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ìyá yí gíláàsì sílẹ̀, wọ́n ń kí tọ̀tún tòsì: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ọ̀nà o!" Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí a ṣe dé òkè, ohùn kan ti ẹ̀yìn wá:

"Dúró. N kò rà á mọ́."

"Háà! Kí ló dé, sà?"

"Ọkọ̀ tó ń fi ìyàwó síwájú, tó ń fi baálé sẹ́yìn. Kí n wá máa gbé irú rẹ̀ wọ ọjà? Lọ dá a padà fún òyìnbó."

Mo gbé orí lé sítíárín. Ọkọ̀ tí kò ní àbùkù! Mo ti ń gbọ́ ẹ̀fọn létí mi.

Ìyá yíjú sí mi. "Ọkọ mi, tí mo bá kó páálí abọ́ tánganran sí búùtù yẹn, ṣé á ṣì máa yọ̀?"

"Rárá, Ìyá. Á dúró gbọn-in."

"Ó dáa. Mo rà á."

"Ìwọ?" ni Bàbá wí.

"Èmi ni o. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹni tó bá sanwó iwájú ló ń jókòó síbẹ̀?"

A padà sọ́dọ̀ òyìnbó, Ìyá sì ka owó lé e lọ́wọ́. Èmi kò padà sínú igbó mọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wa ọkọ̀ náà, Ìyá níwájú, abọ́ ní búùtù, Bàbá lẹ́yìn. Kò sì sí ọjọ́ kan nínú ọdún mẹ́rin yẹn tí Bàbá kò fi na ọrùn síwájú láti sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀: "Rọra. Yà. Má yà. Tẹ̀ ẹ́. Ta ní kí o tẹ̀ ẹ́?" Àwọn tí kò di sítíárín mú rí láyé wọn!